Iná Pupa Lẹ́yìn Màmá Piroska

Aláwàdà ni mí, gbogbo abúlé ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi retí kí ẹnikẹ́ni gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe.

Màmá Piroska ti kẹ̀kẹ́ wọn wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́, aṣọ opó dúdú lọ́rùn wọn. Mọ́tò ló gbá ọkọ wọn, Bàbá Ambrus, láti ẹ̀yìn lórí kẹ̀kẹ́ wọn lójú ọ̀nà oko àgbàdo, tàwọn ti fìlà koríko tí wọn kì í ṣí, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ọ̀sán ṣe ń dún lọ́wọ́. Oòrùn mú ganrin lọ́jọ́ náà. Dírẹ́bà ní òun ò rí wọn.

"Ábel, fún mi ní iná ẹ̀yìn tí èèyàn ń rí lọ́sàn-án. Ojú oórì wọn ni mò ń lọ lójoojúmọ́, èmi nìkan."

"Ẹ má yàn án nínú ilé, Mà. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣú yìí, sìgá mi gan-an ń tàn."

Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé oníbàárà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi á ti kẹ̀kẹ́ lọ sídìí igi gíga tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, màá kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí i, màá sì máa so iná mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí oòrùn kò bá gbé mì, òun ni kó rà.

Mo tan èyí tó mọ́lẹ̀ jù.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

Mo wá so ògbólógbòó kan tí mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, tí kò ju ẹyín iná tó ń kú lọ. Agogo ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹyẹ dákẹ́. Ewé àgbàdo kò mì.

"Mo rí méjèèjì."

"Méjì kẹ̀? Ọ̀kan ni mo tàn."

"Tìẹ, àti ti ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ lọ́hùn-ún. Bí tìẹ bá ṣẹ́jú, tiẹ̀ náà á ṣẹ́jú."

Mo wẹ̀yìn. Ọ̀nà ṣófo. Síbẹ̀ mo gbọ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Agogo dákẹ́. Òun náà dákẹ́.

"Èyí ni mo fẹ́," ni Màmá wí.

"Mà, mi ò ṣàwàdà. Kò sẹ́ni tó máa rí i. Wọ́n á gbá yín."

"Ẹni tó yẹ kó rí i ti rí i."

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ. Wọn ò tíì dé ìdí igi tí iná wọn fi pòórá. Lẹ́yìn náà, aṣọ dúdú náà pòórá.

Ọbẹ̀ mi tutù síwájú mi. N kò lè jẹun.

Tírélà kan dúró lójijì níta. Gergő, dírẹ́bà tó máa ń kó àlìkámà, sáré wọlé.

"Fún mi lómi. Díẹ̀ ló kù kí n gbá ìyá kan ní kọ́nà. Mi ò rí iná kankan lẹ́yìn wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá tó ń tẹ̀ lé wọn. Iná tiẹ̀ gún mi lójú, ni mo fi tẹ bíréèkì."

"Bàbá wo?"

"Bàbá tó dé fìlà koríko. Irú iná wo lo tà fún un? Màá ra ọ̀kan fún ọmọ mi."

"Mi ò ta nǹkan kan fún un."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ábel, ìwọ àti àwàdà ẹ."

Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà. Màmá Piroska ń padà bọ̀ wálé, jẹ́ẹ́jẹ́, àwọn nìkan. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n sì sún kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí ẹnìkejì ráyè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.