Wọ́n Gé Ikùn, Ẹsẹ̀ Ló Wú

Ikùn ìyá àgbà ló kọ́kọ́ wọ yàrá, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e. "Ẹ sún sẹ́yìn o, àwa méjì là ń bọ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ káàbọ̀, Màámi. Ẹsẹ̀ ló rọ́ mi."

"O ti rí àwáwí tí o ò fi ní kúnlẹ̀ kí mi. Gbé e wá."

Ẹ̀yìn ojúgun òsì wú, ó gbóná; ọ̀tún wà bó ṣe wà. Ìyá da òróró sọ́wọ́, ó ń wọ́ ọ gidigidi. Ọmọ fi eyín gé ètè rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kankan ò rọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gé awọ ikùn tí oyún mẹ́ta fà sílẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó máa dìde rìn nínú ilé díẹ̀díẹ̀, kódà bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tíì lè nà tán. Ṣùgbọ́n òun tó ń wọn ìbàdí gbogbo àdúgbò kò fẹ́ kí àwọn aládùúgbò mọ̀ pé wọ́n ti gé tòun kù, kí wọ́n má baà fi òun rẹ́rìn-ín. Ó sùn gbalaja, ó ní ẹsẹ̀ rọ́ òun. Nígbà tí ẹsẹ̀ wá wú lóòótọ́, ó tilẹ̀ dúpẹ́: irọ́ ti rí ẹlẹ́rìí.

"Màámi, mi ò rí èémí mí."

Ìyá tú ìró ọmọ, ó bá ìgbànú líle lábẹ́. "Ta ló di ọmọ mi bí ẹrù báyìí?"

"Iṣẹ́ abẹ ni, Màámi," ni ọkọ ọmọ rẹ̀ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ní kí n má sọ."

Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò padà wálé.

"Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹsẹ̀," ni dókítà wí. "Ó já, ó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró."

"Ṣé ọwọ́ mi ló já a?"

"Ó lè já fúnra rẹ̀, Màámi. Àmọ́ a kì í wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, oògùn rẹ̀ wà."

"Ẹsẹ̀ rírọ́ ni wọ́n sọ fún mi."

Nígbà tí àwọn aládùúgbò wá bá wọn kẹ́dùn, ọkọ ní àìsàn ráńpẹ́ ni. Ìyá gbé ojú sókè. "Ọkọ ọmọ mi, ó tó. Iṣẹ́ abẹ ikùn ni. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ fún yín."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹni tó bá fẹ́ gé ikùn rẹ̀, ara rẹ̀ ni. Kó ṣáà sọ òótọ́ fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, kó sì máa rìn bí wọ́n ṣe ní kó rìn. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó gbóná, tàbí tí àyà ń dùn, tí èémí há, ẹ má wọ́ ẹsẹ̀ náà, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ká ní aránṣọ yẹn sọ òótọ́ ni, àwọn aládùúgbò ì bá fi í rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi sú wọn, òun náà ì bá sì wà láàyè, kó máa bú wọn padà.