Ilé Ẹni Méjì, Orúkọ Ẹnìkan

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Alájì Àrìmíyàù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Treichville, ní ìlú elédè Faransé tí wọ́n ń gbé, ó ń mu tíì, inú rẹ̀ sì dùn. Àbúrò rẹ̀, Hàwáù, tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Adjamé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà kan ní Vridi, tí wọ́n ń háyà fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ́ ra èkejì ní Biétry.

"Orúkọ yín ni kí wọ́n tún kọ síwèé, Ẹ̀gbọ́n," ni Hàwáù wí. "Bíi ti àkọ́kọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣe é níhìn-ín. Orúkọ àgbà ni orúkọ ilé. Àbúrò tó bá ní kí wọ́n kọ tòun náà, wọ́n á ní kò fọkàn tán ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ta ló sì fẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀?

Siddiqah, àkọ́bí Alájì, gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ọ́fíìsì notaire ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Plateau, níbi tí wọ́n ti ń fi òfin ṣe ìwé ilé.

"Bàbá, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí mọ́, ilé Vridi di tiwa."

"Ikú mi lo wá sọ níwájú tíì?"

"La loi ni mò ń sọ. Orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀. Àwa ọmọ yín àti Màmá ni òfin mọ̀ ní ajogún. Kò mọ Tàntí rárá."

Hàwáù rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo máa lé mi kúrò nílé tí mo forí ru yanrìn kọ́?"

"Èmi kọ́, Tàntí. Àmọ́ mẹ́fà ni wá. Ṣé ẹ mọ inú gbogbo wa? Ṣé ẹ mọ irú ọkọ tí àwọn àbúrò mi máa fẹ́? Chaque semaine, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, là ń rí wọn níbi iṣẹ́: ọmọ ìyá kan náà, wọn ò kí ara wọn mọ́."

Ẹ̀rín Hàwáù dáwọ́ dúró. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Òógùn ogún ọdún rẹ̀ ló wà lábẹ́ òrùlé yẹn.

"Kí la máa wá ṣe?" ni Alájì bèèrè.

"Ẹ dá société sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó lè ní ilé lórúkọ ara rẹ̀. Èyí tí àwọn ẹbí sábà máa ń lò ni SCI. Ẹgbẹ́ ló máa ni ilé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ni ẹgbẹ́, wọ́n á sì kọ ìpín olúkúlùkù sílẹ̀. Tí ẹnìkan bá lọ, ìpín tirẹ̀ nìkan ni àwọn ajogún rẹ̀ máa gbà."

"Bí ọjà bá dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?" ni Alájì tún bèèrè.

"Ìpín tiyín ni àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè lè dì mú, kò ní kan ti Tàntí. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín. Tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ bá jẹ gbèsè tí kò lè san, nínú SCI, ó lè kan àpò yín. Ti SARL, irú ẹgbẹ́ mìíràn, yàtọ̀: owó tí ẹ fi sí i nìkan ló sábà máa ń bá gbèsè lọ. Owó orí wọn náà ò rí bákan náà. Ẹ jẹ́ kí notaire bá yín wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan."

Alájì tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀. "Ìwọ tó o máa jogún ilé yìí lo wá ń tú u kúrò lọ́wọ́ ara rẹ?"

"Ohun tí kì í ṣe tèmi ni mò ń tú sílẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Alájì mi orí. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Hàwáù, a ò ra Biétry lọ́la. Plateau là ń lọ."

Nígbà tí ìwé ẹgbẹ́ náà parí, tí wọ́n sì ti gbé ilé Vridi sínú rẹ̀, Hàwáù kọ orúkọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ní ilé tẹ́ ẹ fi ń gba owó ilé, ìfẹ́ dára, àmọ́ kì í ṣe ìwé. Ẹ bi notaire bóyá SCI ló bá yín mu tàbí SARL, kí ẹ sì rí i pé ìpín olúkúlùkù wà lákọsílẹ̀. Ilé tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí notaire gbé òun náà sínú ẹgbẹ́, torí ẹgbẹ́ tí kò ní ilé nínú kò lè dáàbò bo ilé. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣì wà láyé láti sọ pé, "Àwa méjèèjì la ni ín."