Fáìlì Tí Kúlúsúmù Rán

Ẹ̀yìn ọrùn ọmọbìnrin kan ni Japheth Olúsànyà kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin náà dorí kodò níwájú ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ó ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán awọ pupa mọ́ ẹ̀yìn Àlùkùráánì kan. Nígbà tó gbójú sókè, Japheth gbàgbé ohun tó bá wá.

"Akọ̀wé, ẹ kú àbọ̀. Ṣé ìwé yín ló ya ni, àbí ẹnu yín ni kò ṣí?"

Japheth rẹ́rìn-ín, ó kó fáìlì méje tó ti ya kalẹ̀. Ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ kan lẹ́bàá Mápó ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dún 1957. Kúlúsúmù lorúkọ ọmọbìnrin náà. Màmúdù oníṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, fáìlì kọ̀ọ̀kan ni Japheth ń mú wá, kó lè máa rí i lójoojúmọ́. Ibi tí wọ́n ti ń tàkùrọ̀sọ ló ti sọ wàhálà ọ́fíìsì wọn fún un. Bí bàbá kan bá kú, táwọn ọmọ pín ilẹ̀, wọn a gbé ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí ọ̀tọ̀. Tó bá dọdún mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò mọ ìwé tó bí èwo mọ́.

Kúlúsúmù dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Ẹ wo bàbá mi. Èèyàn kan ni wọ́n. Ẹ pè wọ́n, wọ́n á dáhùn. Ṣùgbọ́n agboolé làwọn náà: ẹ wọlé wọn, ẹ ó bá àwa ọmọ níbẹ̀. Kí ló dé tí ìwé ò fi lè rí bẹ́ẹ̀?"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti rán fáìlì awọ kan tó rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn ṣí fáìlì awọ náà, ìwé ilẹ̀ bàbá gan-an ni yóò kà. Lẹ́yìn ìwé náà ni àpò wà, inú àpò ni fáìlì àwọn ọmọ wà. Tọmọ náà ṣeé kà, ó sì ní àpò tirẹ̀ fún ọmọ-ọmọ.

Japheth yí i lọ, ó yí i bọ̀. "Kúlúsúmù, irú orí wo lo gbé wáyé?"

"Orí tó ń wé gèlè ni."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Japheth ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Màmúdù fárígá. "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì? Kó má dé ìsọ̀ mi mọ́!" Oṣù mẹ́ta gbáko ni Japheth àti Kúlúsúmù ò fi fojú kanra.

Lọ́jọ́ kan, opó kan láti Oníyanrìn, Àtọ́kẹ́, wá sí ọ́fíìsì. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmúdù bá a wá ṣe ẹlẹ́rìí. Inú fáìlì awọ tí Kúlúsúmù rán ni Japheth ti kó ìwé ìdílé wọn sí. Ó ṣí ti bàbá-bàbá ọkọ, ó fa ti bàbá yọ nínú rẹ̀, ó fa ti ọkọ yọ nínú ti bàbá. Ìwé ilẹ̀ nìyẹn! Àtọ́kẹ́ bú sẹ́kún ayọ̀.

Ọ̀gá ọ́fíìsì gbá Japheth léjìká. "Olúsànyà, màá kọ̀wé sókè nípa ọgbọ́n rẹ yìí. Wọ́n á gbé ọ ga."

Ó ti pẹ́ tí Japheth ti ń retí ìgbéga yẹn.

"Ọ̀gá, ọgbọ́n mi kọ́. Kúlúsúmù, ọmọ bàbá tó jókòó yìí, ló rò ó, òun ló rán an. Orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ."

Ọ̀gá fajú ro. Ìgbéga ò sì dé. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Màmúdù ní kí wọ́n pe Japheth wá sílé òun ní Pópó Yemọja.

"O lè dákẹ́ lánàá."

"Mo lè dákẹ́, bàbá. Ojú wo ni n bá fi wo Kúlúsúmù?"

"Ìrun rẹ̀ ńkọ́, tó bá délé rẹ?"

"Yóò máa kí i. Èmi náà á máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Èmi gan-an ni n ó sì máa bu omi àlùwàlá fún un."

Màmúdù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kúlúsúmù! Mo mọ̀ pé o wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá."

"Kí lo wá wí?"

Ó jáde, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Japheth.

"Ẹ ní káwọn òbí rẹ̀ máa bọ̀."