Agbẹjọ́rò Ń Dúró Dè Mí

Ẹsẹ̀ méjì ni agbẹjọ́rò kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú. Bàtà wà ní ọ̀kan, ìkejì wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ti ya níbi àtàǹpàkò, méjèèjì sì yọ jáde lábẹ́ tábìlì tó yẹ kó dúró sí bá èrò sọ̀rọ̀. Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bi ẹsẹ̀ náà bóyá àlàáfíà ni.

"Àlàáfíà ni o," ni ohùn kan dáhùn lábẹ́ tábìlì. "Wáyà yìí ló ń ṣe bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì, àwòrán tí ẹ mú wá á hàn lára ògiri."

Nígbà tó jáde, eruku ti kun irun rẹ̀. Ọkùnrin gíga, adúmáadán, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti ń pín ayọ̀. Agbẹjọ́rò obìnrin yìí ti dúró níwájú onírúurú adájọ́ láìgbọ̀n, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín: àyà rẹ̀ lù kìkì.

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ni wọ́n wà. Àwọn tó ń kọ kóòdù, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ló máa ń pàdé níbẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n sì ti pè é kó wá là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí òfin. Kò fi epo bọ iyọ̀.

"Ohun tí ẹ bá kọ, tiyín ni," ó wí fún wọn, "kódà bí ẹ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Bí kò bá sí ìwé àṣẹ lára rẹ̀, òfin ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó."

Ọkùnrin oníbọ̀sẹ̀ ewé nawọ́ sókè. "Ẹ dákun, mà. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú ìta kí èèyàn lè jẹ, ṣé mo tún ní láti kọ̀wé sára abọ́ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ pè wọ́n wá jẹun," ni agbẹjọ́rò bi í, "àbí ẹ kàn gbé abọ́ kalẹ̀ tí ẹ wọlé lọ?"

Ọkùnrin náà rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bá a níbi tó ń dùn ún. Ìyá rẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí, ó ní ilé ìwòsàn kékeré kan, gbogbo Sátidé ni ìyá náà sì máa fi ń yẹ ìgò oògùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kọjá. Ọmọ kọ sọ́fíwíà kan, ètò orí kọ̀ǹpútà, tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún méjì ti kọjá, àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó lé ní ogójì sì ti ń lò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó tà á, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Mi ò tà." Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Mi-Ò-Tà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún méjì yẹn, kò fi ìwé àṣẹ kankan sí i. Ó gbàgbé pátápátá.

Lẹ́yìn ìpàdé, Mi-Ò-Tà bá agbẹjọ́rò lórí àtẹ̀gùn. "Mà, mo jẹ̀bi o. Ọdún méjì ni mo fi gbé abọ́ kalẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni."

"Ẹ jókòó," ó wí, òun náà sì jókòó. Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà sórí orúnkún, wọ́n sì yan ìwé àṣẹ kan nínú àwọn tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ìwé náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó lò ó, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe tún un ṣe. Ohun méjì péré ló béèrè: kí orúkọ àwọn tó kọ ọ́ má kúrò lára rẹ̀, kí ẹni tó bá sì kọ́lé lé e lórí, tó ń fún ẹlòmíràn, ṣí tirẹ̀ náà sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

"Kí wá lẹ máa jẹ?" ni agbẹjọ́rò bi í.

"Iṣẹ́ mi ni mò ń tà, mi ò ta kóòdù. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ á pè mí, á sanwó. Ṣé ẹ ò rí i pé mo sanra?"

Kò sanra rárá. Agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sán Wẹ́sìdeé ni wọ́n jọ ń jẹun ní ilé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé. Oṣù kan kò pé tí "ẹ" fi di "o", tí "mà" di "ọ̀wọ́n mi", tí agbẹjọ́rò náà sì ń pè é ní "olówó orí mi", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sọ pé òun ò tíì rí owó orí kankan. Mi-Ò-Tà kì í tètè dé, kóòdù kì í jẹ́ kó dìde. Obìnrin náà á ti jẹ ìrẹsì tirẹ̀ tán, á ti máa wo tọkùnrin náà bí ológbò tó rí ẹja. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí n máa fi ọ̀rọ̀ bò ó.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ni bàbá agbẹjọ́rò. Òun ló dá ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta sọ́fíwíà fún àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá sílẹ̀, Alága ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é, ọmọ rẹ̀ yìí sì ni agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn méjèèjì nìkan ló ṣẹ́ kù fún ara wọn.

"Mi ò sọ pé ọmọ náà burú," ni Alága wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tọrẹ, kí ló máa fi bọ́ ọmọ mi?"

"Bàámi, mo ń ṣiṣẹ́. Èmi gan-an lè bọ́ òun náà."

"Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ!" Ó mi orí. Kò gbà, kò sì kọ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan dé tó ní òun fẹ́ ra sọ́fíwíà Alága. Ogún ọdún ni bàbá náà ti ń retí irú ọjọ́ yẹn. Ó ku ìwé kan: kí agbẹjọ́rò yẹ kóòdù wò, kó sì fọwọ́ sí i pé kò sí ohun ẹlòmíràn tó wà nínú rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Àwọn tó ń kọ kóòdù máa ń fi ọ̀rọ̀ sáàárín iṣẹ́ fún ara wọn, ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kì í kà. Ní ọjọ́ kẹta tó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, agbẹjọ́rò rí ọ̀kan ní apá tó ń ṣírò ọjọ́ oògùn. Ó kà pé: "Ebi ń pa mí. Agbẹjọ́rò ń dúró dè mí. Màá tún ibí ṣe lọ́la."

Ó rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ti kó iṣẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, ó ti yọ gbogbo orúkọ tó wà lókè rẹ̀, kò sì rí ìlà kan yìí.

Ìṣòro rẹ̀ nìyí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Agbẹjọ́rò kì í sọ àṣírí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ohun tó rí nínú kóòdù Alága, àṣírí Alága ni. Kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ ẹni tí wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀. Kò lè jókòó wo ojú Mi-Ò-Tà kó máa jẹ ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ìdí tí kò fi wá síbi oúnjẹ ọ̀sán wọn mọ́.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" ni ọkùnrin náà bi í lórí fóònù.

"Rárá. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò lè sọ."

"Bó o bá fẹ́ kí n lọ, sọ fún mi, ọ̀wọ́n mi."

"Mi ò fẹ́ kó o lọ. Jọ̀ọ́, ní sùúrù fún mi."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tó yẹ gbogbo kóòdù wò tán, agbẹjọ́rò tọ bàbá rẹ̀ lọ. Wọ́n pe ọ̀gá àwọn tó ń kọ kóòdù nílé-iṣẹ́ náà, ọ̀gá yìí sì jẹ́wọ́ pé àkókò ló fún òun lọ́rùn, pé ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun rò pé kò sẹ́ni tó ni ín ni. Nígbà tí ọ̀gá náà jáde, Alága ti ìwé náà síwájú ọmọ rẹ̀.

"Fọwọ́ sí i. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀, Bàámi."

"Nítorí ọmọkùnrin yẹn!"

"Ká ní ọ̀tá mi ló kọ ọ́, mi ò ní fọwọ́ sí i."

"O ti lọ sọ fún un." Bàbá náà dìde. "Èmi tí mo bí ọ, o ti tú àṣírí mi fún ọkùnrin."

Ó ní òun ò sọ, Alága kò gbà. Ó dun ọmọ náà dé egungun, ṣùgbọ́n kò bá a jiyàn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alága gba ilé ìwòsàn ìyá Mi-Ò-Tà lọ. Yàrá kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí Mi-Ò-Tà ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà mẹ́ta àti àga méjì ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà dìde, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká má fi àkókò ṣòfò," ni Alága wí. "Ẹ dárúkọ iye tí ẹ máa gbà láti gbẹ́nu dákẹ́."

"Lórí kí ni, sà?"

"Ẹ má ṣe mí bí ọmọdé! Lórí kóòdù yín tó wà nínú tèmi."

Mi-Ò-Tà rọra jókòó. "Kóòdù mi wà nínú tiyín?"

Alága wò ó. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń ra ọjà, tó fi ń tà, ó mọ ojú ẹni tó ń díbọ́n. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ yìí kò díbọ́n.

"Ọmọ mi ò sọ fún yín?"

"Kò sọ nǹkan kan fún mi, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò tíì fojú kàn án. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kó má wá mọ́."

Bàbá náà wá àga kejì, ó jókòó. Ojú tì í. Ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ pàdánù ẹni tó fẹ́ràn nítorí àṣírí òun, òun sì pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

"Ẹ ní kí n dárúkọ iye," ni Mi-Ò-Tà wí nígbà tó yá. "Kì í ṣe tèmi nìkan, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bá mi tún un ṣe. Ẹ dá orúkọ wọn padà, kí ẹ sì ṣí tiyín sílẹ̀ bí ìwé àṣẹ ṣe wí. Ìwé náà fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ṣe é. Mi ò ní gbé yín lọ sílé ẹjọ́."

"Bí mo bá ṣí i, àwọn tó fẹ́ rà á á sá lọ."

"Ó ṣeé ṣe, sà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn tó mọ̀ yín ò ní sá. Ẹni tó ń tọ́jú nǹkan fún wọn ni wọ́n ń sanwó fún."

Alága dìde lórí àga. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọ bàtà rẹ, ká lọ."

Agbẹjọ́rò wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé. Ó dìde, kò mọ ẹni tí ó yẹ kó kọ́kọ́ wò.

"Mo ṣì ọ́ mú," ni bàbá rẹ̀ wí. "Màá ṣí kóòdù náà. Kí olùrà máa lọ bó bá fẹ́ lọ. Má bínú sí mi, ọmọ mi." Ó lọ dúró síbi fèrèsé.

Mi-Ò-Tà súnmọ́ tábìlì. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rò pé o ti kọ̀ mí."

"Mo mọ̀."

"Nǹkan tó jẹ́ tèmi wà lọ́wọ́ rẹ, o ò sì sọ."

"Àṣírí wọn ni." Omi ti dé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin. "Mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, mi ò ní sọ náà."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ìbínú tó gbé wá kò sí níbì kankan mọ́.

"Nígbà náà, ìwọ ni mo fẹ́ kó máa tọ́jú àṣírí tèmi," ó wí. "Títí a ó fi darúgbó. Ṣé o máa fẹ́ mi?"

Alága wúkọ́ níbi fèrèsé.

"Ṣé kí n jáde ni?"

"Ẹ dúró, Bàámi." Ó ti yí tábìlì ká, ó ti di ọwọ́ ọkùnrin náà mú. "Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Mo gbà."

Alága yíjú sí wọn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Èmi náà gbà," ó wí, "bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ bi mí."