Àgbò Tí Kì í Yà Fún Ẹnikẹ́ni

"Ẹ wá wo ewúrẹ́ o! Ewúrẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní àgbò!"

Síkírù ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé ní Ìtamágà, gbogbo àwọn ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Tàófíìkì di okùn ọrùn àgbò rẹ̀ mú, ó ń wo ilẹ̀. Àgbò náà kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Koríko ni ó ń já jẹ ní tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé Ìkòròdú nígbà tí Iléyá ń bọ̀ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ọmọkùnrin kì í jókòó sílé ní ìrọ̀lẹ́. Kálukú á fa àgbò ilé wọn jáde, wọ́n á ní koríko ni àwọn fẹ́ fún un jẹ. Irọ́ ni. Wọ́n fẹ́ kí ayé rí i ni. Wọ́n á wọn ìwo, wọ́n á gbá ẹran nídìí, wọ́n á jẹ́ kí àgbò méjì kanrí. Lọ́dún 2007 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé-ìwé ti gba ìsinmi Kérésìmesì nígbà tí Iléyá dé, ọyẹ́ ń fẹ́, kò sì sí iṣẹ́ àṣetiléwá tí yóò dá ẹnikẹ́ni dúró. Àgbò ilé Síkírù ga débi pé ọmọ kékeré lè gùn ún. Ti ilé Tàófíìkì kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ.

Síkírù kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ọ̀rẹ́ Tàófíìkì ni, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ògiri kan ṣoṣo ló sì pín ilé wọn níyà. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìjánu.

Ẹ̀pẹ́ ni àgbò kékeré náà ti wá. Màmá Ẹ̀pẹ́, ìyá tó bí ìyá Tàófíìkì, ló sìn ín ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó sì fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ó ti pé ọdún kan, ara rẹ̀ le, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tàófíìkì délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ìyẹn kò jọ ọ́ lójú mọ́.

"Ìyá, mi ò ní fa nǹkan yìí jáde mọ́," ó wí, ó sì so àgbò náà mọ́ ẹsẹ̀ ìgànná.

Fàlílátù, ìyá rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. "Kí ló ṣe é?"

"Ó ti kéré jù. Gbogbo ayé ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Gbogbo ayé? Ṣé Ìtamágà ni gbogbo ayé ń gbé ni?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ò béèrè ìwo lọ́wọ́ wa."

Tàófíìkì kò rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ló gbójú lé. Làtífù ni orúkọ bàbá náà, ọmọ Ìwó tó wá ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí ó tó dé. Bó bá ti bọ́ bàtà ni ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹran yìí." Làtífù á jẹ oúnjẹ rẹ̀, yóò sì sùn.

Ó di ọjọ́ Àìkú kan, Làtífù wà nílé, ó ń gbálẹ̀ ìdí ẹran. Bàbá Síkírù na ọrùn láti òkè ògiri.

"Bàbá Tàófíìkì, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo gbọ́ pé ẹ ti ní ẹran."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Mo ń wá a ni, mo rò pé ó ti já. Àṣé ẹ̀yìn garawa ló dúró sí!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹnu nìkan ni Làtífù fi rín tirẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Owó aṣọ Iléyá wa wà lọ́wọ́ ìyá rẹ. Gbà á. Kí o fa àgbò yẹn lọ, kí o fi owó lé e, kí o gba èyí tó tóbi."

Tàófíìkì fò sókè. Ìyá rẹ̀ kó owó náà jáde, ó sì mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin àti ọmọ yín. Ayé tí ẹ fẹ́ tìtorí rẹ̀ ṣe é yìí, kò ní bá yín san nínú owó rẹ̀ o."

Ní ọjọ́ kejì, Tàófíìkì àti Síkírù fa àgbò kékeré náà lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ọlọ́jà ti ń ta ẹran. Wọ́n nájà títí ẹnu fi gbẹ. Owó àwọn àgbò ńlá kò ṣeé gbọ́ sétí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n padà, wọ́n rí ọkùnrin kan tó dúró ní ìpẹ̀kun, òun àti àgbò kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un. Àgbò náà ga, ó sanra, ìwo rẹ̀ sì nípọn. Ó ká wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì bí okùn kànga tí wọ́n ká jọ. Owó tí ọkùnrin náà pè kò pọ̀ rárá, ó sì gbà láti gba ẹran kékeré mọ́ ọn.

"Ẹ yí i ká o," ni ọlọ́jà náà sọ. "Ẹ wò ó dáadáa. Èmi kì í gba ẹran padà."

"A ti wò ó!" ni Tàófíìkì dáhùn. Ìwo ló ń wò. Síkírù náà, ìwo ni ó fọwọ́ dì mú, ó ń wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń lọ, àgbò kékeré ké lẹ́yìn wọn. Tàófíìkì kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ wá wo fáàrí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní pápá! Àwọn ọmọ yí àgbò tuntun ká. Síkírù fa tirẹ̀ wá láti apá òsì, ẹran náà sì sáré bọ̀ pẹ̀lú orí ní ìsàlẹ̀. Àgbò Tàófíìkì kò yà. Kò tilẹ̀ yí ojú. Ó dúró gbọn-in títí èkejì fi kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbì, lẹ́yìn náà ló wá fi ìbínú yí padà, tó lé èkejì dé ìdí igi.

"Kò yà! Kì í yà fún ẹnikẹ́ni!" Àwọn ọmọ ń pariwo. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gá. Ẹnìkan tó mú fóònù oníkámẹ́rà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ya Tàófíìkì àti Ọ̀gá ní fọ́tò. Ọkàn Tàófíìkì kún fún ayọ̀ débi pé kò rántí jẹun alẹ́.

Inú bàbá rẹ̀ náà dùn. Òkùnkùn ló máa ń bá a dé, tọ́ọ̀ṣì ló fi wo ẹran náà, iná tọ́ọ̀ṣì kò sì kúrò lórí ìwo. Bàbá Síkírù wá pè é ní "Alhájì!" láti òkè ògiri. Làtífù tí kò tíì fojú kan Mẹ́kà rí kò sọ pé òun kọ́.

Ní ọjọ́ Àráfà, tí Iléyá ku ọ̀la, Tàófíìkì da èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní apá òsì Ọ̀gá. Ọ̀gá kò bojú wo ibẹ̀. Ó ń fi imú wá a kiri afẹ́fẹ́, ó sì fẹsẹ̀ tẹ èèpo náà mọ́lẹ̀ kí ó tó rí i. Tàófíìkì dúró. Ó ju ọwọ́ rẹ̀ fìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì náà. Ẹran náà kò ṣẹ́jú. Tàófíìkì bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ìwo ńlá tó ká bo ibẹ̀. Ojú náà funfun báláú.

Ìgbà yẹn ni ó wá yé e. Kì í ṣe ìgboyà ni Ọ̀gá fi kọ̀ tí kò yà. Kò rí wọn ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Tàófíìkì kò lè sọ pé òun kò mọ òfin. Áfáà ti kọ́ wọn nílé-kéú: ẹran tí ojú rẹ̀ kan fọ́, ẹran tó ń ṣàìsàn, ẹran tó yarọ, ẹran tó rù hangogo, kò sí èyí tó yẹ fún ẹran Iléyá nínú wọn. Òun gan-an ló máa ń ké e sókè ju gbogbo wọn lọ.

Ó jókòó ti garawa, ó ń rò ó. Ta ló mọ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìwo bo ojú náà. Lọ́la, bí wọ́n bá ti dúńbú ẹran tán, ta ni yóò máa wo ojú? Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, kò ní sí ẹran nílé wọn lọ́la, gbogbo àdúgbò á sì béèrè pé níbo ni Ọ̀gá wà. Lẹ́yìn náà ló rántí bàbá rẹ̀, tó ń gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà nínú oòrùn àti lórí omi, tí yóò di ọ̀bẹ mú lọ́la, tí yóò pe orúkọ Ọlọ́run tọkàntọkàn sórí ẹran tí kò tọ́. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Ó dúró kí bàbá rẹ̀ fi dàbínù àti omi tutù ṣínu. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó gbé ìwo náà sókè, ó sì fi ojú han bàbá rẹ̀. Làtífù wò ó títí.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan ni, Bàbá."

Làtífù gbójú wo òkè ògiri, sí ilé Bàbá Síkírù. Tàófíìkì rí i pé bàbá òun náà ń rò ó. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà pa tọ́ọ̀ṣì, ó sì gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ léjìká.

"O ṣeun tí o sọ fún mi. Má sunkún. Ẹ̀rín aládùúgbò ló lé èmi náà dé ìdí owó aṣọ wa." Ó mi orí, ẹ̀rín díẹ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwa ò tilẹ̀ sunkún, a ò ríran."

Ní ọjọ́ Iléyá, aṣọ èṣí ni wọ́n wọ̀ lọ sí Yídì. Bí wọ́n ṣe padà délé, Bàbá Síkírù àti àwọn ọkùnrin àdúgbò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Alhájì! Ọ̀bẹ dà? A wá bá yín di Ọ̀gá mú!"

Làtífù la ẹnu, ṣùgbọ́n Tàófíìkì ti bọ́ síwájú.

"Ẹ má bínú, sà. A ò ní pa á. Ojú rẹ̀ òsì ti fọ́. Èmi ni mo rà á, ìwo nìkan ni mo wò."

Etí Tàófíìkì gbóná fún ìtìjú. Síkírù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Àwa méjèèjì la jọ lọ. Èmi náà, ìwo ni mo wò."

Bàbá Síkírù kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà, ó lọ sí ìdí àgbò tirẹ̀, ó gbá a lórí mú, ó yẹ ojú kan wò, ó yẹ èkejì. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ra ẹran," ó wí, "mi ò wo ojú rí." Ni àwọn yòókù bá túká. Káàkiri àdúgbò, àwọn bàbá nínú agbádá ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ju ọwọ́ fìrí níwájú àgbò. Fàlílátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ẹran Bàbá Síkírù pé, ó pa á, itan kan tó tóbi ló sì fi ránṣẹ́ sí ilé Làtífù. "Ẹ bá mi jẹ ẹ́," ó ní, "kí ẹ sì dárí àwàdà garawa yẹn jì mí."

Wọ́n ta Ọ̀gá fún alápatà, wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ nípa ojú rẹ̀. Níwọ̀n bí Iléyá kò ti tíì kọjá, tí a ṣì lè pa ẹran lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, Tàófíìkì àti bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí Màmá Ẹ̀pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó di òpó mú kí ẹ̀rín má bàa gbé e ṣubú.

"Ìbejì ni èyí tí mo fún yín. Ìkejì rẹ̀ rèé ní ẹ̀yìnkùlé," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ó sanwó tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo fún yín níjọ́sí, ẹ ò mọ iyì rẹ̀."

Tàófíìkì kúnlẹ̀ síwájú àgbò náà. Ó wo ojú ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó ya ẹnu rẹ̀, ó wo eyín. Ó fà á rìn lọ, ó fà á rìn bọ̀.

"Ìwo ńkọ́, Tàófí?" ni Màmá Ẹ̀pẹ́ béèrè.

"Ó ní ìwo, Màmá. Ìyẹn náà tó."

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìtamágà, ó fa àgbò náà gba àárín pápá kọjá, ní ojú gbogbo àwọn ọmọ. Síkírù sáré wá bá a.

"Tàófí, kékeré mà ni o."

"Kékeré ni," ni Tàófíìkì dáhùn. Síkírù na ọwọ́ sí apá òsì ẹran náà láti tọ́ ọ wò, ẹran náà sì yà fẹ̀ẹ̀, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣùgbọ́n ó ń rí ẹ."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, Tàófíìkì ló sì rín in jù. Ó fa ẹran rẹ̀ lọ sílé, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń pọ́n ọ̀bẹ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ ju ọjọ́ tí wọ́n ń pariwo Ọ̀gá lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi sọ́kàn: ẹni tó bá fi ojú aládùúgbò ra ọjà, ojú tirẹ̀ kò ní rí ohun tó rà.