Báírò Pupa Lára Pátákó Rídwàn

Ọmọbìnrin kan ló ń fi báírò pupa fa ìlà sára pátákó Rídwàn. Ojú ọ̀nà Ìkọ̀tún kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀, òun dúró ní tirẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń máàkì iṣẹ́ oníṣẹ́ bí ẹni ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kejì.

Rídwàn fò jáde látinú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ yíjú. "Mò ń tún un ṣe ni. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́. Márùn-ún nínú mẹ́wàá."

Háà! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pátákó yìí jẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Iṣẹ́ Rídwàn ni kó máa kó orin àti fíìmù sínú fóònù àti mẹ́mórì káàdì fún àwọn èèyàn. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí ní Ìkọ̀tún. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, á kọ àwo orin mẹ́wàá àti fíìmù mẹ́wàá tó fẹ́ràn jù lọ́dún náà sára pátákó, á gbé e síta. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti Ìpájà àti Bàrúwà làwọn èèyàn ti máa ń wá kà á, wọ́n á sì jiyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ. Tó bá wá di ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, Rídwàn á fi ìlà kan ṣoṣo kún un nísàlẹ̀: àwo orin tó já a kulẹ̀ jù lọ. Ìlà yẹn gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró dè, ẹ ṣáà mọ ọmọ aráyé.

"Wò ó," ni ọmọbìnrin náà wí, ó na báírò sí àárín pátákó, "fíìmù *Ilé Tí A Kò Tì*, ipò kẹfà lẹ fi sí? Kẹfà! Ṣé ẹ wò ó parí ṣá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó."

"Ẹ sì sunkún?"

Rídwàn wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Díẹ̀."

"Fíìmù pa yín lẹ́kún, ẹ wá lọ fi í sí ipò kẹfà. Aláìmoore ni yín."

Ká má parọ́, ibẹ̀ yẹn lọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ Rídwàn. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó fẹ́ gba báírò, ó wá ń wo ọwọ́ tó mú un. 

"Orúkọ mi ni Qonitah," ni ọmọbìnrin náà wí, ó ti báírò bọ inú báàgì. "Tíṣà ni mí ní Ìgàndó. Màá padà wá lọ́la wá wò ó bóyá ẹ ti ṣe kọ́rẹ́kṣọ̀n."

Ó sì padà wá. Ó wá lọ́túnla pẹ̀lú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, Rídwàn ti wá àpótí ìjókòó kan tó ní tìmùtìmù sílẹ̀ dè é, kò sì jẹ́ kí kọ́sítọ́mà kankan jókòó lé e. Àwọn méjèèjì á pín okùn yíáfóònù kan lò, ọ̀kan sí etí Rídwàn, ọ̀kan sí etí Qonitah, wọ́n á gbọ́ àwo orin kan láti orí dé ìdí, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Rídwàn fẹ́ràn ìlù tó wúwo. Qonitah fẹ́ràn orin tó ní ìtàn nínú. Lọ́jọ́ Sátidé kan wọ́n jọ lọ sí sinimá, Qonitah ń bá àwọn tó wà nínú fíìmù sọ̀rọ̀ sókè: "Má ṣí i! Mo ní má ṣílẹ̀kùn yẹn, jàre!" Inú Rídwàn dùn débi pé kò mọ bí fíìmù náà ṣe parí.

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o", tí Qonitah ń pè é ní Rídì, tí òun náà ń pè é ní Tíṣà mi.

"Tíṣà mi," ló wí lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń nu ojú fóònù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, "mo fẹ́ ká jọ máa kọ pátákó yìí títí a ó fi darúgbó."

"Pátákó lò ń fẹ́ àbí èmi?"

"Ìwọ ni. Pátákó kàn ń tẹ̀ lé ẹ lẹ́yìn ni."

Qonitah rẹ́rìn-ín, ó sì bojú. Nígbà tó ṣíjú, ẹ̀rín ti lọ. "Rídì, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bàbá mi nìkan ló kù fún mi láyé. Ẹni tí Bàbá ò bá fọwọ́ sí, mi ò lè fẹ́ ẹ. Màá mú wọn wá síbí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún, kí wọ́n wá rí ẹ."

"Kí wọ́n máa bọ̀! Wọ́n á bá mi nílé."

"Hẹn. Ṣó dá ẹ lójú pé o ti gbọ́ gbogbo àwo tó jáde lọ́dún yìí?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá! Bi mí ní èyí tó wù ẹ́."

Qonitah kò bi í. Ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Alhaji Mùtíù, káfíńtà ni ní Ìgàndó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà èwe rẹ̀ ó máa ń kọrin, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí nídìí orin ni Àkàndé Agbórindé. Ogún ọdún ni kò fi kọrin mọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ lọ, ó sì ṣe àwo kan jáde lọ́dún yìí gan-an, orin méje péré. Ó wá kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀: "O ò gbọdọ̀ bá mi tọrọ etí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Orin tó bá dáa á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn." Ìdí nìyẹn tí Qonitah fi ń dákẹ́, tó ń retí lójoojúmọ́ kí Rídwàn fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àwo yẹn.

Ó kúkú dárúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún, èrò pé lé pátákó lórí, ẹ̀rín ń ta jáde. Alhaji Mùtíù wọ agbádá funfun, ó dé fìlà, ọmọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, inú àwọn méjèèjì ń dùn. Àwọn èèyàn yà fún àgbàlagbà náà. Ó fi gíláàsì sójú, ó sì kà á sókè, díẹ̀díẹ̀:

"Èyí tó já mi kulẹ̀ jù lọ́dún yìí: *Àpọ́nlé Sìkírátù*, ti Àkàndé Agbórindé. Ìyàwó ṣàìsàn nínú orin kìíní, ó kú nínú orin kejì, ó wá ń se ọbẹ̀ nínú orin karùn-ún! Ó bímọ tán kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìgì! Bàbá yìí ò mọ ohun tó ń kọ."

Èrò tún bú sẹ́rìn-ín. Rídwàn rí Qonitah, ó sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, sà!"

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ọwọ́ ẹ dáa," ni Alhaji wí. "Ó ṣeé kà." Ó bọ́ gíláàsì, ó nu ún, ó sì sọdá títì lọ.

Rídwàn dìde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti jẹ ayò. "Ṣé wọ́n fẹ́ràn mi?"

"Rídwàn," ni Qonitah wí, kò sì tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí, "bàbá mi ni Àkàndé Agbórindé. Sìkírátù tó kú nínú orin kejì, tó ń se ọbẹ̀ nínú orin karùn-ún, ìyá mi ni."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Rídwàn na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Qonitah ti bá bàbá rẹ̀ lọ. Kíá ló fi àkísà nu ìlà náà kúrò lára pátákó, ṣùgbọ́n ta ni yóò nu ún kúrò lọ́kàn àgbàlagbà?

Ó pè é títí, Qonitah kò gbé e. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ kìíní ọdún, kó tó dáhùn.

"Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Orin wo lo kọ́kọ́ gbọ́?"

"*Àìsàn*."

"*Àìsàn*? Kí ló tẹ̀ lé e?"

"*Dìde*, ibi tí Màmá ti kú. Lẹ́yìn náà *Mo Bá Bàbá Rẹ̀*..."

"Rídwàn, orin kẹfà ni *Àìsàn*! *Dìde* ló parí àwo. *Ní Kànga* ni ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé!"

Rídwàn gbé fóònù kúrò létí, ó wo ojú rẹ̀. *Àìsàn. Dìde. Mo Bá Bàbá Rẹ̀. Ní Kànga. Ọbẹ̀ Ìrọ̀lẹ́. Ọmọ Dé. Yìgì.* A, D, M, N. "Yéè! Mo gbé!" Inú fóònù kọ́sítọ́mà kan ló ti rí àwo náà he, láti ọwọ́ dé ọwọ́, fóònù sì ti to orin méjèèje bí wọ́n ṣe ń fi A, B, D to orúkọ ọmọ ilé ìwé. Kò sí oníṣẹ́ wọn tí kò mọ̀ pé fóònù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ló máa ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́mà! Ìkánjú láti rí ẹni bú ló bò ó lójú.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó to orin náà bó ṣe yẹ, ó sì jókòó sórí àpótí Qonitah. Ọ̀dọ́kùnrin kan bá omidan kan pàdé ní kànga, ó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ṣe yìgì. Wọ́n jọ ń jẹ ọbẹ̀ ìrọ̀lẹ́, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Àìsàn dé. Nínú orin ìkẹyìn, ọkọ ń jí ìyàwó rẹ̀ fún ìrun òwúrọ̀: *dìde, má sùn mọ́*, kò sì dìde. Rídwàn sunkún, kì í ṣe díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tó parí, ó ti gbé pátákó sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ó di Ìgàndó. Alhaji Mùtíù ń fá igi ilẹ̀kùn lọ́wọ́ nígbà tó dé, Qonitah jókòó tì í. Rídwàn dọ̀bálẹ̀ sínú èérún igi, kò dìde.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Bó ṣe to ara ẹ̀ nínú fóònù ni mo ṣe gbọ́ ọ, mo fi orí sídìí, mo fi ìdí sórí. Mo sì yára bú yín."

"Dìde," ni Alhaji wí. "Kà á fún mi. Kí lo kọ síbẹ̀ báyìí?"

Rídwàn yí pátákó padà. Lábẹ́ pátápátá, ó ti kọ ọ́ gàdàgbà: *Lọ́dún yìí, èmi ni mo já àwo Àpọ́nlé Sìkírátù kulẹ̀.*

Alhaji mi orí. Ó wo òkè pátákó. "O wá gbọ́ ọ báyìí. Ipò kelòó ló wà?"

Lẹ́yìn bàbá rẹ̀, Qonitah na ìka kan sókè, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́: kìíní, sọ pé kìíní! Gbogbo ohun tí Rídwàn fẹ́ láyé wà lórí ìdáhùn kan yìí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, irọ́ kékeré, ta ni yóò mọ̀?

"Ìkẹrin ni, sà."

Qonitah sọ ìka kalẹ̀. Irin ìfági dúró lórí igi.

"Kí ló dé tí kì í ṣe ìkíní?"

"Gìtá bo ohùn yín mọ́lẹ̀ nínú orin kejì, sà. Orin karùn-ún sì... ó gùn jù."

"Èmi ni orin karùn-ún!" ni Qonitah pariwo. "Èmi ni ọmọ tó dé!"

Alhaji Mùtíù gbé irin ìfági kalẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Qonitah rò pé ẹkún ni, ó sáré bọ̀, àṣé ẹ̀rín ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

"Mo sọ fún onígìtá yẹn! Mo ní, 'O ti ń bò mí mọ́lẹ̀!' Gbogbo èèyàn ń sọ fún mi pé ó dáa, ó dáa. Wọn ò gbọ́ ọ ni!" Ó nu ojú rẹ̀, ó wá wo ọmọ rẹ̀, ó fi oríkì pè é. "Àbẹ̀kẹ́, ọkùnrin yìí ò lè purọ́ fún mi nítorí kó lè rí ẹ fẹ́. Kò ní purọ́ fún ẹ tó bá fẹ́ ẹ tán. Jẹ́ kó lọ kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá."

Àwọn èèyàn Rídwàn wá. Ọjọ́ yìgì bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, ní mọ́sálásí kékeré kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Lafáà ka ohun tí ìyàwó béèrè fún sọ̀dáàkì rẹ̀ látinú ìwé: Àlùkùránì kan, ẹní ìkírun kan. Ó wá sún ìwé mọ́ ojú.

"Wọ́n fi báírò pupa kọ ìkẹta síbẹ̀ o. Kí fíìmù *Ilé Tí A Kò Tì* kúrò ní ipò kẹfà, kó bọ́ sí ipò kìíní." Lafáà wo Rídwàn. "Ọkọ ìyàwó, ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo mọ́sálásí yíjú sí i. Rídwàn họ orí. Alhaji Mùtíù sún síwájú lórí ẹní, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Rídwàn wí, "mo ti tún un wò, ó dáa ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n... ìkejì ńkọ́?"

Ẹ̀rín bú jáde láti ìgbátí dé ìgbátí. Ẹ̀rín Alhaji ló ga jù. Lafáà na ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin.

"Qonitah, ìkejì ló ní òun lè ṣe. Ṣé o gbà?"

Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀.

"Mo gbà!"