Ṣọ́ọ̀bù Tí Wọ́n Tì Láti Ìta

Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé agbowó-orí ń bọ̀ ládùúgbò náà, kálukú á di ẹlẹ́sẹ̀ eré. Oníbàtà á pa ìsọ̀ dé, onígbàjámọ̀ á fi oníbàárà tó fá àbọ̀ orí fún sílẹ̀.

Ti aránṣọ tí wọ́n ń pè ní Ó-Ku-Bọ́tìnnì ló yàtọ̀. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá béèrè aṣọ yín, bọ́tìnnì nìkan ló máa ń kù, bí kò tiẹ̀ tíì gé e. Òun kì í dáṣẹ́ dúró nítorí agbowó-orí. Ṣe ló máa ń ti àbúrò rẹ̀ mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù nídìí ẹ̀rọ, á fi àgádágodo há ilẹ̀kùn níta bí ẹni pé kò sẹ́ni níbẹ̀, á sọ kọ́kọ́rọ́ sápò, á sì lọ jókòó sọ́dọ̀ onídìrí ní ìpẹ̀kun àdúgbò. Ọgbọ́n ló ka èyí sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ooru á pa mí síbí," àbúrò rẹ̀ wí lọ́jọ́ náà. "Ẹ jẹ́ ká kúkú san án."

"San kí ni? Kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ? Jókòó jẹ́ẹ́, aṣọ ìyàwó yẹn gbọ́dọ̀ jáde lónìí."

Kò tíì jókòó dáadáa lọ́dọ̀ onídìrí tó fi rí èéfín. Áyọ́ọ̀nù ló jó aṣọ, tí iná fi ran àjákù tó wà nílẹ̀. Irin tí wọ́n fi dí fèrèsé nítorí olè kò jẹ́ kí ọmọbìnrin náà rí ibi jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sáré débẹ̀, obìnrin agbowó-orí ló bá tó ń fi òkúta lu àgádágodo. Èéfín kò jẹ́ kí Ó-Ku-Bọ́tìnnì rí ojúhò tó máa ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Òkúta yẹn náà ló padà já a.

Wọ́n gbé ọmọ náà jáde, ó ṣì ń mí. Àwọn aládùúgbò ń fi korobá da omi. Òrùlé ti wó kí panápaná tó dé.

"Ibo lẹ wà látàárọ̀?" oníbàtà bi wọ́n.

"Ọkọ̀ kan ló kù fún gbogbo ìlú," ọ̀gá wọn dáhùn. "Èkejì wà nílẹ̀, kò sówó táyà."

Oníbàtà gbójú sílẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, ọmọbìnrin náà ti kú sí ọsibítù.

Nígbà tí obìnrin agbowó-orí wá bá a kẹ́dùn, ó rọra bi í bí iṣẹ́ ṣe ń wọlé sí. Aránṣọ sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ohun tó ń wọlé fún yín ò tíì tó èyí tí òfin ní ká gba owó-orí lé lórí," obìnrin náà wí. "Àwọn tí tiwọn tó, tí wọ́n ń sá bíi tiyín, ni ò jẹ́ ká rí táyà rà."

"Ṣé gbèsè tí mi ò jẹ ni mo torí ẹ̀ ti ọmọ ìyá mi mọ́lé?"

Obìnrin náà bá a sunkún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má sá fún agbowó-orí. Ẹ ní kó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, kó sì ṣírò tiyín lójú yín. Ẹni tó bá tọ́ sí, kó san án, kó gba rìsíìtì. Òun ló lẹ́nu láti bi ìjọba léèrè ohun tí wọ́n fowó ṣe. Owó yẹn là ń fi ra ọkọ̀ panápaná àti oògùn ọsibítù, kò sì sẹ́ni tó lè dá a rà.

Ó-Ku-Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ nípàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ báyìí: "Ẹ lọ bi agbowó-orí bóyá ẹ jẹ gbèsè. Èmi ò béèrè."